Dò Ni, Kì í Ṣe Mí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

A bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ yìí ni ilé tí wọ́n bí mi sí ti di ilé iwin. Ẹ̀gbọ́n mi, aránṣọ tí kò ní sùúrù, ti rán aṣọ dúdú sí gbogbo ojú fèrèsé, nítorí òru ni gbogbo ìtàn inú fíìmù náà, bẹ́ẹ̀ agbára wa kò ká iná tí wọ́n fi ń ya òru. Ọ̀sán gangan la ó máa fi ṣe òru. A ti ilẹ̀kùn, a pa fáànù nítorí ariwo rẹ̀, a wá jókòó sínú òkùnkùn, à ń làágùn. Oníkámẹ́rà ní bí iwin bá tilẹ̀ wà níbí tẹ́lẹ̀, ooru ti lé e lọ.

Èèyàn mẹ́rin péré ni wá: èmi tí mo kọ ìtàn, tí mo tún ń gba ohùn sílẹ̀, oníkámẹ́rà, àti òṣèré méjì tó ń ṣe tọkọtaya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé. Iwin gan-an, Bàbá ni. Láti ìgbà tí àìsàn ọ̀fun ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìkan ló lè sọ̀rọ̀, irú èyí tí ń mú kí irun ara ẹni dìde. Ajé ọ̀sẹ̀ méjì sí òní ni dókítà yóò yọ gọ̀gọ̀ńgọ̀ náà kúrò, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà yóò sì bá a lọ. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ kó tó lọ.

Ẹ̀gbọ́n kò rí i bẹ́ẹ̀. "O ò rí ẹlòmíì fi ṣe iwin, àfi bàbá tó bí ẹ?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun á ṣe é."

"Ìgbà wo ló kọ nǹkan fún ẹ rí? Àbíkẹ́yìn!"

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹfà

Òjò. Lábẹ́ òrùlé páànù yìí, máìkì kò gbọ́ nǹkan mìíràn. Kò síṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹfà

Inú kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá la ti gba ohùn, nítorí àwọn ẹ̀wù tó wà nínú rẹ̀ ń mu ariwo. Ó jókòó sórí àpótí kékeré láàárín àwọn agbádá rẹ̀, mo di máìkì mú síwájú ẹnu rẹ̀. "Ẹnì kan kù nínú ilé yìí." Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Oníkámẹ́rà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà sáré tan iná.

Bí mo bá ti gba ohùn tán, mo máa ń ní kí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́ kí n gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀. Kò sí yàrá méjì tí ìdákẹ́jẹ́ wọn rí bákan náà. Òun ni mo máa ń tẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá ń to fíìmù pọ̀, kí etí má baà mọ ibi tí mo ti gé e. Ti òní bàjẹ́. Èémí Bàbá ń dún nínú rẹ̀, hà, hà, bí ayùn nínú igi tútù. Mo ní kó rọra máa mí. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó rọra máa dàgbà. N ó tún un gbà lọ́jọ́ mìíràn.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹfà

Mo jẹ́ kí àwọn òṣèré gbọ́ ohùn náà. Ẹni tó ń ṣe ọkọ di orí mú.

"Ẹnì kan kú nínú ilé yìí? Ta ló kú? Kò sí nínú ìwé tẹ́ ẹ fún mi."

"Kò sẹ́ni tó kú. Kù ni. Ẹnì kan kù. Iwin náà ń sọ pé òun ṣì wà níbẹ̀ ni."

"Kú lèmi gbọ́ o."

"Èmi náà," ni ìyàwó rẹ̀ inú fíìmù wí.

"Kú gbangba," ni oníkámẹ́rà dá sí i.

Mo tún un gbọ́. Kú lèmi gan-an gbọ́.

Inú bí mi sí ara mi. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò ní orin nínú ọ̀rọ̀ mọ́. Dò, re, mí, gbogbo wọn á di atẹ́gùn kan náà. Ó sì yẹ kí n ti mọ̀. Ṣebí nínú ilé yìí náà ni Bàbá ti béèrè ọbẹ̀ lóṣù tó kọjá, tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ̀bẹ, tó bú sẹ́kún, tó kó gbogbo ọ̀bẹ ilé lọ fi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìrẹsì gbẹrẹfu ni Bàbá jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Bí a ṣe ń jiyàn lọ́wọ́ ni Bàbá yọ láti yàrá ẹ̀yìn. Ó ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ nìkan la fi mọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè níwájú wa, bí ó ti máa ń ṣe ní kíláàsì nígbà tó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn, tí gbogbo àdúgbò fi sọ ọ́ ní Bàbá Dò-re-mí. Ó rẹ ọwọ́ náà sílẹ̀: dò. Ó na ìka sí mi pé ohun tí mo kọ nìyẹn. Ó tún gbé e sókè: mí. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, ó ní, "Mí ló wọ́n mi."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwàdà náà tó yé wa. Nígbà tó yé wa, kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín àfi òun.

Àìkú, 9 oṣù kẹfà

Mi ò ní tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Mo ti pinnu. N ó fi àṣìṣe náà sílẹ̀, n ó sì kọ́ ìtàn lé e lórí. Tọkọtaya náà yóò gbọ́ "kú", ẹ̀rù yóò bà wọ́n. Iwin yóò máa yọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, yóò máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn yóò rò pé ó fẹ́ fa àwọn wọlẹ̀ ni. Wọ́n á di ẹrù, wọ́n á sá. Ìgbà tí wọ́n bá rìn jìnnà ni ọkọ yóò rántí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí yóò rẹ ọwọ́ tirẹ̀ náà sílẹ̀, tí yóò sì wò ó. Dò ni, kì í ṣe mí. Ìyá ìyàwó rẹ̀ tó sùn sí yàrá ẹ̀yìn, òun ni wọ́n gbàgbé.

A ò ní rí ìyá náà rárá, nítorí a ò lówó òṣèré kẹta. Ilẹ̀kùn tó tì la ó máa wò, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà yóò sì dún lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo gbé e fún Bàbá kà. Ó kà á dé òpin, ó mú pẹ́ńsù, ó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ méjì tí mo gbàgbé, ó dá a padà fún mi. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn tó báyìí.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹfà

Ọwọ́ iwin lónìí. A fi ṣọ́ọ̀kì pa ọwọ́ Bàbá títí dé ìgúnpá, ó funfun báláú. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ náà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ìyàwó inú fíìmù pariwo tó kọjá èyí tí mo kọ fún un, ife sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Ife Ẹ̀gbọ́n ni.

Ẹ̀gbọ́n ń fi ẹ̀rọ ránṣọ lọ́wọ́ ní pálọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló ní aṣọ ẹni kan ń bẹ lọ́wọ́ òun, àwọn tó ń sanwó ilé kì í ṣe iwin. Bẹntiróòlù ti tún gbówó lórí. Bátìrì máìkì pẹ̀lú.

Ẹtì, 14 oṣù kẹfà

Òjò lánàá, òjò lónìí. Ajé ni iṣẹ́ abẹ, a ò sì tíì ya ọwọ́ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ìkẹyìn, a ò tíì gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Mi ò lè lo èyí tí a gbà tẹ́lẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń dẹ́rù bani. Ti ìkẹyìn gbọ́dọ̀ máa bẹ̀ wá ni. Bàbá fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí i.

Mo pe dókítà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó sì gbà níkẹyìn, pẹ̀lú ohùn tí inú rẹ̀ kò dùn.

Ẹ̀gbọ́n ń gé aṣọ nígbà tí mo sọ fún un. Kò gbé ojú sókè.

"Ta ló ní kó o pè é?"

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Bàbá fọwọ́ sí i."

"Kí ni Bàbá ò ní fọwọ́ sí tó bá ti ọ̀dọ̀ ẹ wá? Tó o bá ní kó gun igi lọ́la, á gùn ún." Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Àìsàn ò mọ̀ pé ẹ̀ ń ya fíìmù o. Mo ti sọ tèmi."

Ohun tó dùn mí ni pé òótọ́ ló sọ, mo sì tún máa ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe náà.

Ajé, 17 oṣù kẹfà

Oòrùn ràn. A ya ọwọ́ ìkẹyìn. Bàbá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, kò jẹ́ ká gbé àga fún un. Ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ bí ewé tó ń bọ́. Mo rò ó pé bí mi ò bá sún ọjọ́ náà síwájú, a kì bá tí ní èyí. Mo rò ó dáadáa, kí n lè rí nǹkan dì mú.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹfà

Bàbá húkọ́ láti àná. A padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n bà á jẹ́. Èkejì, ikọ́. Ẹ̀kẹta ni mo ń wá: ó ń bẹ̀bẹ̀, ó dà bí ẹni tó di aṣọ ẹni mú lẹ́yìn. Bó ṣe dé "kù" báyìí, òjò já lu páànù bí ẹni da òkúta.

Mo fẹ́ sunkún. Bàbá ti gbára dì láti tún un sọ, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti funfun, kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀kì.

"Ó tó, Bàbá. Ó di ọ̀la."

Ó na ìka kan. "Ó kù," ló wí, ó sì rẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, dò, kí n má baà ṣì í gbọ́.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹfà

Kò sí ọ̀la kankan. Láàárọ̀ àná, Bàbá ò lè mí tó bá dùbúlẹ̀, kò sì lè jókòó. Ọkọ̀ aládùúgbò la fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ò gbọdọ̀ kọjá Ajé. Nǹkan kan ṣoṣo tí Ẹ̀gbọ́n bá mi sọ láti àná ni, "Gbé báàgì yẹn."

Ajé, 24 oṣù kẹfà

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, Bàbá ṣẹ́jú sí wa. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi lápá ọ̀tún, Ẹ̀gbọ́n lápá òsì. Ó sọ nǹkan kan. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ti dì í mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì tì í wọlé.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. "O ò gbọ́? Ó ní ó kú. Ó ti mọ̀. Bàbá ti mọ̀."

"Ó kù ló sọ. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló ń sọ pé ó kù."

Ó gbé ojú sókè. "Lẹ́nu ọ̀nà yìí? O rò pé fíìmù ẹ ni Bàbá ń rò lẹ́nu ọ̀nà yìí?"

Ojú tì mí débi pé mo dìde lọ dúró níta. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni mo gbọ́.

Lọ́sàn-án, dókítà jáde wá, ó ní ó lọ dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹfà

Ihò wà lọ́rùn Bàbá, ibẹ̀ ló fi ń mí. Ètè rẹ̀ ń mì, ohunkóhun kò jáde níbẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pàápàá. Mi ò mọ̀ pé yóò yà mí lẹ́nu tó báyìí. Ṣebí wọ́n ti sọ fún wa.

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. "Bàbá, kí lẹ sọ lọ́jọ́ Ajé? Kú ni àbí kù?"

Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀. Ó wá sọ̀ kalẹ̀.

"Dò," ni mo wí.

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Àìkú, 30 oṣù kẹfà

Bàbá lọ láàárọ̀ yìí. Nínú gbogbo ọjọ́ tó wà láyé, ọjọ́ Àìkú.

Ajé, 8 oṣù keje

A ti sin ín. Àwọn àlejò ti lọ, àwo wọn ṣì wà nílẹ̀.

Mo padà lọ bá dókítà. Mo bi í bóyá ọ̀sẹ̀ kan yẹn ló fà á. Ó ní òun ò lè sọ. Mo fẹ́ kó sọ pé rárá. Bó bá tilẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ì bá sàn fún mi ju èyí lọ.

Bí mo bá wọ pálọ̀, Ẹ̀gbọ́n á dìde, á wọ yàrá rẹ̀ lọ. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ajé, 15 oṣù keje

Mo ti to fíìmù náà dé ilẹ̀kùn ìkẹyìn, mo há síbẹ̀. Mo gbé ohùn àkọ́kọ́ sí i, kò bá a mu; ẹ̀rù ló ń bani, àánú ò ṣeni. Mo gbé ti ọjọ́ òjò sí i, mo fọ̀ ọ́ títí, òjò náà kò kúrò. Oníkámẹ́rà ní kí n gé ibẹ̀ dànù, ta ló máa mọ̀? Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Aṣọ dúdú ṣì wà lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó tú u nínú àwa méjèèjì. Ojoojúmọ́ ni ilẹ̀ ń ṣú nílé wa láti àárọ̀.

Àbámẹ́ta, 20 oṣù keje

Ẹ̀gbọ́n wá dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́. Mi ò bojú wẹ̀yìn, kó má baà lọ.

"O ò tíì parí?"

"Rárá."

"Kí ló kù?"

Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Èmi náà gbọ́ ọ. Ó fa àga, ó jókòó tì mí.

"Jẹ́ kí n wò ó."

Mo fi hàn án láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí ife rẹ̀ ti fọ́. Nígbà tí ọwọ́ ìkẹyìn yọ, tó funfun, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo fojú ẹ̀gbẹ́ rí ọwọ́ tirẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn tó tì, láìsí ohùn kankan.

"Ibí yìí ló kù?"

"Ibẹ̀ ni."

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Ó dáa. Gbé máìkì ẹ wá."

Ẹ̀gbọ́n mi, tí ohùn rẹ̀ ń dé igun òpópónà kó tó yọ, wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ó jókòó sórí àpótí, àwọn agbádá bò ó léjìká. Mo sọ fún un bó ṣe yẹ kó rí: kó máa bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn, ṣebí òun ti bẹ̀ mí rí.

"Ẹnì kan kù nínú ilé yìí."

Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà nínú òkùnkùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ti Bàbá, mi ò mọ ìyàtọ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò ní olóhùn.

Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́ kí n gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá. Òjò kò rọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ kò dún, ẹnikẹ́ni kò húkọ́. Ó mọ́ tónítóní. Ohun tí mo ti ń wá láti oṣù kẹfà nìyẹn, mo sì rí i pé mi ò fẹ́ ẹ.

Mo padà sídìí iṣẹ́, mo wá ìdákẹ́jẹ́ ti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà jáde, èyí tó bàjẹ́. Mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n. Mo yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kúrò létí mi, mo fi sí i létí.

Ó tẹ́tí. Ilẹ̀kùn náà wà níwájú wa, ó tì. Ọ̀rọ̀ náà dún, ó tán, Ẹ̀gbọ́n kò sì yọ ọ́ létí. Ó di tábìlì mú.

"Ta ló ń mí yẹn?"

Mo na ìka sí ọ̀nà kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá.

"Má gé e o," ló wí.

Mi ò gé e.